Ọkọ̀ Tí Ó Yẹ Ìdílé Ọlọ́mọ Kékeré ní Walt Disney World

Walt Disney World, tí ó wà nítòsí ìlú Orlando ní ìpínlẹ̀ Florida ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kì í ṣe ọgbà ìgbafẹ́ kan ṣoṣo gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń rò, bí kò ṣe ilẹ̀ tí ó gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí fífẹ̀ rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ìlú San Francisco dọ́gba, tí ọgbà eré ńlá mẹ́rin, ọgbà omi méjì, òtẹ́ẹ̀lì tí ó lé ní 25 àti àdúgbò ìtajà kan tí wọ́n ń pè ní Disney Springs sì wà káàkiri inú rẹ̀. Magic Kingdom ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1971. EPCOT tẹ̀ lé e ní 1982, Disney's Hollywood Studios bẹ̀rẹ̀ ní 1989, Disney's Animal Kingdom sì dé ní 1998. Títì márosẹ̀, adágún omi àti igbó ni ó pààlà láàárín àwọn ọgbà wọ̀nyí, àfi EPCOT àti Hollywood Studios tí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ so pọ̀, nítorí náà kò rọrùn fún ìdílé tí ó mú ọmọ kékeré dání láti máa fi ẹsẹ̀ rìn láti ọgbà kan dé òmíràn níbẹ̀.

Àwọn ìdílé Yorùbá tí ó fi Houston, Maryland tàbí London ṣe ibùgbé, àti àwọn tí ó ń ti Èkó lọ kí ẹbí wọn ní àkókò ìsinmi ọmọ iléèwé, wà lára àwọn tí ó ń kó ọmọ lọ síbẹ̀. Bí wọ́n bá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sì ti rí òtẹ́ẹ̀lì, ìbéèrè tí ó máa ń kù ni ti ọkọ̀, owó sì ni ọ̀pọ̀ wọn kọ́kọ́ máa ń béèrè. Èrò tí ó wà lẹ́yìn àròkọ yìí ni pé owó kò yẹ ní ipò àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Ibi tí ọmọ yóò jókòó sí nínú ọkọ̀ ni ó yẹ kí òbí kọ́kọ́ wádìí, kí ó tó wá béèrè ibi tí wọ́n gba ọkọ̀ náà láyè láti já èrò sí, nítorí pé ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú tí ó bá já ìdílé sí ibi tí kò yẹ lè gba àkókò púpọ̀ lọ́wọ́ wọn ju ọkọ̀ ọ̀fẹ́ lọ.

Ọkọ̀ ọ̀fẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, kò sì yẹ kí a fojú kéré rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Disney ní bọ́ọ̀sì tí ó ń so òtẹ́ẹ̀lì pọ̀ mọ́ ọgbà eré. Ó ní monorail, ìyẹn ọkọ̀ gígùn tí ó ń sáré lókè lórí ìtì kọnkéré kan ṣoṣo. Ó ní ọkọ̀ ojú omi. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019 ni ó sì ti ní Skyliner, èyí tí í ṣe àwọn àpótí kéékèèké tí okùn irin ń fà gba ojú òfurufú láti àwọn òtẹ́ẹ̀lì kan dé EPCOT àti Hollywood Studios. Gbogbo wọn ni èrò lè wọ̀ láìsan kọ́bọ̀. Síbẹ̀, ìṣòro wọn kò ṣòroó rí. Bọ́ọ̀sì kì í sábà lọ tààrà láti òtẹ́ẹ̀lì kan sí òtẹ́ẹ̀lì mìíràn, tó bẹ́ẹ̀ tí ìdílé tí ó bá fẹ́ lọ jẹun ní òtẹ́ẹ̀lì tí kì í ṣe tiwọn yóò kọ́kọ́ lọ sí ọgbà eré kan tàbí Disney Springs kí wọ́n tó wọ bọ́ọ̀sì kejì. Nínú bọ́ọ̀sì, òbí gbọ́dọ̀ ká kẹ̀kẹ́ ọmọ pọ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí pé yóò jí ọmọ tí ó ti sùn, yóò tú ẹrù inú kẹ̀kẹ́, yóò sì fi ọwọ́ kan di ọmọ mú bí ó ti ń fi èkejì gbé kẹ̀kẹ́. Bí mànàmáná bá sì ń kọ, Skyliner yóò dúró, bẹ́ẹ̀ ni òjò ọ̀sán àti ààrá wọ́pọ̀ gidigidi ní Florida láti oṣù Kẹfà títí dé oṣù Kẹsàn-án.

Níbi tí ọkọ̀ ọ̀fẹ́ bá ti kù díẹ̀ káàtó ni ọkọ̀ àdáni ti ń wọlé. Ohun tí a pè ní ọkọ̀ àdáni níhìn-ín ni ọkọ̀ tí ìdílé kan nìkan wà nínú rẹ̀ láìsí èrò mìíràn, yálà wọ́n pè é láti orí fóònù ní kété tí wọ́n nílò rẹ̀, tàbí wọ́n ti ṣètò rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé, tàbí wọ́n yá a lò tí wọ́n sì ń wà á fúnra wọn. Lára èyí tí a ń pè láti orí fóònù ni Uber àti Lyft, tí ó ń lo ọkọ̀ aládàáni tí oníkálùkù ń wà, àti Minnie Van, tí í ṣe ti Disney fúnra rẹ̀. Tákísí náà ṣì wà, pàápàá níwájú òtẹ́ẹ̀lì, ó sì wúlò fún ẹni tí fóònù rẹ̀ kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kò sí ohun púpọ̀ tí ó fi yàtọ̀ sí Uber fún ìdílé ju pé ẹ̀rọ inú ọkọ̀ ni ó ń ka owó rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àga ọmọdé ni ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo èyí. Àga ọmọdé ni àga kékeré tí a máa ń de mọ́ ìjókòó ọkọ̀, tí ó ní okùn tirẹ̀ tí ó ń di ọmọ mú ní èjìká, ní ìbàdí àti láàárín itan, kí agbára ìkọlù má baà rọ́ lu ibì kan ṣoṣo lára rẹ̀. Fún ọmọ ọwọ́ àti ọmọ tí kò tíì dàgbà púpọ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni a máa ń kọ ojú àga náà sí, nítorí pé orí ọmọ tóbi lára rẹ̀, ọrùn rẹ̀ kò sì tíì gbó; bí ọkọ̀ bá fò dúró lójijì, ẹ̀yìn àga ni yóò gba orí, ọrùn àti ẹ̀yìn ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan náà. Fún ọmọ tí ó ti dàgbà kọjá àga ọmọdé, àga ìgbéga ni a ń lò, èyí tí ó ń gbé ọmọ sókè kí bẹ́líìtì ọkọ̀ lè gba àyà àti ìbàdí rẹ̀ kọjá dípò ọrùn àti ikùn. Àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tí ó ń rí sí dídènà àrùn àti ìpalára, tí a mọ̀ sí CDC, sọ pé àga ọmọdé ń dín ewu ìpalára nínú ìjàǹbá ọkọ̀ kù ní ìdá 71 sí 82 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọmọdé, bí a bá fi wé bẹ́líìtì nìkan, àti pé àga ìgbéga ń dín ewu ìpalára ńlá kù ní ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́jọ.

Òfin Florida béèrè pé kí ọmọ tí kò ju ọdún márùn-ún lọ wà nínú ohun ìdáàbòbò ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí. Bí ọmọ kò bá ju ọdún mẹ́ta lọ, ó gbọ́dọ̀ jókòó sínú àga ọ̀tọ̀ tàbí èyí tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ ti kọ́ mọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, àga ìgbéga tó fún un. Òfin yìí kan náà yọ awakọ̀ tí a háyà kúrò, ìyẹn ni pé kò di ẹrù yìí lé tákísí, bọ́ọ̀sì àti àwọn ọkọ̀ tí ń gba owó láti gbé èrò, ṣùgbọ́n ó sọ gbangba pé òbí tàbí alágbàtọ́ ni ó ni ojúṣe náà. Ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò ni ó gbọ́ apá àkọ́kọ́ tí kò gbọ́ èkejì, tí wọ́n sì ń sọ fún ara wọn pé kò sí wàhálà nínú gbígbé ọmọ lé ẹsẹ̀ nínú Uber. Wàhálà wà níbẹ̀. Bí awakọ̀ bá tilẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ òfin, ara ọmọ kò bọ́ lọ́wọ́ ìkọlù, apá òbí kò sì lágbára tó láti di ọmọ mú nígbà tí ọkọ̀ tí ó ń sáré bá kọlu nǹkan. Ní Nàìjíríà, àṣà gbígbé ọmọ lé itan nínú ọkọ̀ ṣì wọ́pọ̀ púpọ̀, ó sì ṣòro fún ẹni tí ó ti ibẹ̀ dé láti rí ewu nínú ohun tí gbogbo ènìyàn ń ṣe. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a sọ ọ́ láìfi bò pé àṣà náà léwu, yálà ní Ìkẹjà ni o tàbí ní Orlando.

Láti ibí yìí ni ìyàtọ̀ àárín àwọn ọkọ̀ àdáni ti bẹ̀rẹ̀ sí hàn. Awakọ̀ Uber tàbí Lyft lásán kì í gbé àga ọmọdé kiri, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ láti gbé ìdílé tí kò bá mú tiwọn wá, èyí tí ó lè ṣẹlẹ̀ lálẹ́ nígbà tí ọmọ ti ń sunkún, tí ó sì ti rẹ gbogbo ilé. Ìdílé tí ó bá fẹ́ máa lo irú ọkọ̀ wọ̀nyí gbọ́dọ̀ gbé àga dání, kí ó sì ronú nípa ibi tí yóò gbé e sí látàárọ̀ ṣúlẹ̀, nítorí pé àga ńlá kò rọrùn láti máa gbé kiri nínú ọgbà eré. Fún ọmọ tí ó ti tó lo àga ìgbéga, ìṣòro náà kéré, torí àga ìgbéga kan wà tí a lè fi afẹ́fẹ́ kún, tí a sì lè ká sínú àpò. Fún ọmọ ọdún méjì, irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀. Ẹni tí ó ń ti ìpínlẹ̀ mìíràn wọkọ̀ òfurufú bọ̀ lè gbé àga ọmọ rẹ̀ dání láti ilé, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà kì í gba owó lórí rẹ̀.

Ìṣòro àga yìí ni Minnie Van wá yanjú. Ní ọdún 2017 ni Disney dá a sílẹ̀ pẹ̀lú ìfọwọ́sowọ́pọ̀ Lyft, tí ó fi jẹ́ pé inú áàpù Lyft ni a ti ń pè é, áàpù náà kì í sì í fi í hàn àfi bí ẹni tí ń pè é bá wà ní agbègbè Disney. Ọkọ̀ Chevrolet Traverse ni wọ́n ń lò, tí wọ́n kùn ní pupa pẹ̀lú àmì róbótó-róbótó funfun bí ẹ̀wù Minnie Mouse, èrò mẹ́fà ni ó ń gbà, àga ọmọdé méjì sì wà nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan láìsan owó mìíràn. Àwọn tí ó ń wà á jẹ́ òṣìṣẹ́ Disney, wọ́n mọ ọ̀nà inú ilẹ̀ náà dáadáa, wọ́n sì lè sọ fún àlejò ibi tí ó yẹ kí ó gbà wọlé tàbí àkókò tí èrò máa ń dín kù. Ọkọ̀ tí a lè ti àga oníkẹ̀kẹ́ ti aláìlera wọ̀ wà lára wọn pẹ̀lú. Ní ìbẹ̀rẹ̀, dọ́là 20 ni wọ́n ń gbà fún ìrìnàjò kan, bó jínnà bó súnmọ́, kí wọ́n tó yí i padà sí èyí tí ó ń tẹ̀ lé bí ọ̀nà bá ti jìn tó. Àrùn kòrónà dá iṣẹ́ náà dúró ní oṣù Kẹta ọdún 2020, kò sì padà títí di òpin oṣù Kẹfà ọdún 2022.

Owó Minnie Van máa ń ju ti Uber tàbí Lyft lásán lọ fún ọ̀nà kan náà, nígbà mìíràn ó ń tó ìlọ́po méjì, èyí sì ni ohun tí ó ń lé ọ̀pọ̀ ìdílé sá. Ìdájọ́ náà kò tọ́ fún gbogbo ènìyàn. Bí ìdílé kan bá ní ọmọ ọdún kan àti ọmọ ọdún mẹ́ta, iye tí wọ́n fi kún owó ọkọ̀ ni owó àga méjì tí wọn kò gbé láti ilé, tí wọn kò sì wá ibi gbé e sí. Bí àwọn ọmọ bá ti ju ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án lọ, tí bẹ́líìtì ọkọ̀ ti bá ara wọn mu, kò sí ohun púpọ̀ tí àfikún owó náà ń rà fún wọn, àyàfi bí ó bá jẹ́ pé Magic Kingdom ni wọ́n ń lọ.

Magic Kingdom ni ibi tí ọ̀rọ̀ ibùdó ìsọ̀kalẹ̀ ti le jù lọ. Uber, Lyft, tákísí àti ọkọ̀ tí ìdílé yá kò lè dé ẹnu ọ̀nà ọgbà náà. Gbàgede ìwọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Transportation and Ticket Center ni gbogbo wọn ti ń dúró, ó sì jìnnà tó máìlì kan sí ẹnu ọ̀nà, tí adágún ńlá wà láàárín. Láti ibẹ̀, èrò yóò tún tò láti wọ monorail tàbí ọkọ̀ ojú omi ńlá tí yóò gbé wọn sọdá. Kì í ṣe àṣìṣe ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó ya àwòrán ibùdó náà, tí wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ lẹ́yìn tí Walt Disney ti kú ní oṣù Kejìlá ọdún 1966, fẹ́ kí àlejò fi omi sẹ́yìn kí ó tó wọ ayé àlá tí wọ́n kọ́, kí ó má baà máa wo ibùdó ìgbọ́kọ̀sí láti inú ọgbà. Wọ́n gbẹ́ adágún náà, èyí tí wọ́n sọ ní Seven Seas Lagoon, wọ́n sì fi erùpẹ̀ tí wọ́n kó jáde gbé ilẹ̀ Magic Kingdom sókè, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọ̀nà abẹ́lé tí òṣìṣẹ́ ń gbà kọjá fi wà lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn àlejò. Iṣẹ́ ọgbọ́n ńlá ni, ẹwà rẹ̀ sì hàn fún ẹni tí ó bá rí ilé ọba inú ọgbà náà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ojú omi. Fún ìyá tí ó gbé ọmọ pọ̀n, tí ó sì ti sanwó ọkọ̀ kí ó lè tètè dé, ó jẹ́ ìrìnàjò kejì lórí ọ̀kan.

Bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ ti Disney kò ní ìṣòro yìí, torí pé nítòsí ẹnu ọ̀nà gan-an ni ó ti ń já èrò sí. Minnie Van náà ní àǹfààní kan náà, nítorí pé wọ́n gbà á láyè láti lọ sí agbègbè bọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ohun tí ó tẹ̀ lé èyí ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu: ìdílé tí ó bá ti òtẹ́ẹ̀lì Disney lọ sí Magic Kingdom lè tètè dé pẹ̀lú bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ ju pẹ̀lú Uber tí wọ́n sanwó fún lọ. Ní alẹ́, nígbà tí iná aláràbarà bá parí lójú ọ̀run tí gbogbo ọgbà sì ń tú lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tí ó fẹ́ Uber gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá ogunlọ́gọ̀ èrò tò fún monorail tàbí ọkọ̀ ojú omi kí ó tó dé ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ lè dé, nítorí náà kò bọ́ lọ́wọ́ èrò tí ó ń sá fún. Ọ̀nà àbùjá kan wà tí ó yẹ kí ènìyàn mọ̀, ìyẹn ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí ó ti ẹnu ọ̀nà Magic Kingdom lọ sí òtẹ́ẹ̀lì Contemporary. Ìrìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ènìyàn sì lè pe ọkọ̀ síwájú òtẹ́ẹ̀lì náà. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn kò lè rìn ín tán ní òru, ṣùgbọ́n ìdílé tí kẹ̀kẹ́ ọmọ wọn ṣì wà lọ́wọ́ lè rìn ín pẹ̀lú ìrọ̀rùn.

Ní ọgbà mẹ́ta yòókù, ọ̀rọ̀ náà kò le tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé Uber àti Lyft lè dé tòsí ẹnu ọ̀nà wọn. EPCOT nìkan ni ó béèrè àkíyèsí díẹ̀, torí pé ẹnu ọ̀nà méjì ni ó ní, ọ̀kan níwájú, èkejì lẹ́yìn níhà àwọn òtẹ́ẹ̀lì bíi BoardWalk àti Beach Club, iwájú sì ni ọkọ̀ tí a pè láti orí fóònù ń dúró sí. Ìdílé tí ó bá jáde gba ẹ̀yìn ní alẹ́ yóò rìn jìnnà kí ó tó bá ọkọ̀ rẹ̀ pàdé.

Àǹfààní Uber àti Lyft ni pé wọ́n pọ̀, wọ́n ń yá, owó wọn sì máa ń kéré nígbà tí èrò kò pọ̀. Áàpù yóò sọ iye owó kí ènìyàn tó gbà, èyí tí ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n iye náà kì í dúró sójú kan: bí òjò bá ṣú, tàbí bí ọgbà bá ń tú lálẹ́, owó náà máa ń ga nítorí pé àwọn tí ń wá ọkọ̀ pọ̀ ju ọkọ̀ lọ. Ẹni tí ó bá lè dúró fún ìwọ̀n àkókò díẹ̀ kí èrò ó túká sábà máa ń rí i pé owó ti wálẹ̀. Ọkọ̀ kékeré wọn kì í gbà ju èrò mẹ́rin lọ, ọkọ̀ ńlá wọn sì ń gba mẹ́fà, nítorí náà kí ìdílé ka orí dáadáa, kí wọ́n ka ọmọ ọwọ́ mọ́ ọn, torí pé ọmọ tí ó wà nínú àga gba ìjókòó odindi. Òbí gbọ́dọ̀ yẹ nọ́ńbà ọkọ̀ àti orúkọ awakọ̀ wò kí ó tó gbé ọmọ wọlé, pàápàá lálẹ́ tí ọkọ̀ tí ó jọra pọ̀ lójú kan.

Láti pápákọ̀ òfurufú Orlando, tí ó jìnnà tó nǹkan bíi 20 máìlì, ọ̀rọ̀ náà tún yí padà. Láti ọdún 2005 ni Disney ti ń fi bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ kan tí ó ń jẹ́ Magical Express gbé àwọn tí ó wọ̀ sí òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ láti pápákọ̀, títí tí iṣẹ́ náà fi dópin ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, ọ̀pọ̀ ìdílé ni kò sì tíì mọ̀ pé kò sí mọ́ títí wọ́n fi balẹ̀ síbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Mears, tí ó ń wa ọkọ̀ náà fún Disney, ti dá bọ́ọ̀sì olówó tirẹ̀ sílẹ̀, Mears Connect, ṣùgbọ́n orí-orí ni a ń sanwó rẹ̀, ó sì lè dúró ní òtẹ́ẹ̀lì mélòó kan lójú ọ̀nà. Bí ìdílé bá jẹ́ ènìyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà, owó orí-orí yìí lè sún mọ́ owó ọkọ̀ àdáni tàbí kí ó jù ú lọ, kí wọ́n ṣe ìṣirò rẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó yàn.

Fún ìrìnàjò pápákọ̀ yìí ni ọkọ̀ tí a ti ṣètò sílẹ̀ ti dára jù. Àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké pọ̀ ní Orlando tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n pàdé àlejò ní pápákọ̀, tí wọ́n sì máa ń fi àga ọmọdé sínú ọkọ̀ bí a bá ti sọ ọjọ́ orí àti ìwọ̀n ọmọ fún wọn ṣáájú. Púpọ̀ nínú wọn yóò gbà kí ìdílé yà sí ilé-ìtajà ra omi, wàrà, èso àti ìtẹ́dìí ọmọ kí wọ́n tó dé òtẹ́ẹ̀lì, èyí tí ó ń dín ìnáwó kù púpọ̀, nítorí pé oúnjẹ àti ohun ìlò wọ́n nínú ilẹ̀ Disney. Owó tí a fẹnu kò lé lórí náà ni a ó san, bí òjò rọ̀ bí kò rọ̀. Àlejò tí ó ti Èkó dé lẹ́yìn wákàtí púpọ̀ nínú bàlúù, pẹ̀lú àpótí mẹ́fà àti ọmọ tí kò sùn, kò yẹ kí ó máa dúró ní pápákọ̀ láti bá awakọ̀ tí kò ní àga ọmọdé jiyàn.

Yíyá ọkọ̀ lò kò gba àlàyé púpọ̀ fún ẹni tí ó ń gbé ní Amẹ́ríkà. Ó bá ìdílé mu tí kò wọ̀ sí òtẹ́ẹ̀lì Disney, tàbí tí ó fẹ́ lọ sí etíkun, sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí, sí ilé ẹbí, tàbí sí Universal, ibùdó ìgbafẹ́ mìíràn ní Orlando tí ó ṣí ọgbà tuntun kan, Epic Universe, ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, tí ọkọ̀ ọ̀fẹ́ Disney kì í sì í lọ. Àga ọmọdé yóò máa wà nínú ọkọ̀ náà láìtú u. Ṣùgbọ́n àwọn owó kan wà tí a kì í rí nígbà tí a bá ń wo iye ojoojúmọ́ nìkan. Àwọn ọ̀nà ńlá tí ó ti pápákọ̀ wá ní owó ibodè, bíi ti Lekki, ilé-iṣẹ́ tí ó yáni ní ọkọ̀ sì lè fi owó tirẹ̀ lé e. Ẹni tí kò wọ̀ sí òtẹ́ẹ̀lì Disney yóò máa sanwó lójúmọ́ láti gbọ́kọ̀ sí ọgbà eré, nígbà tí ẹni tí ó wọ̀ síbẹ̀ ń gbọ́kọ̀ sí ọgbà lọ́fẹ̀ẹ́, tí òtẹ́ẹ̀lì náà kò sì tún gba owó ìgbọ́kọ̀sí alẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ láti oṣù Kìíní ọdún 2023. Awakọ̀ tí kò tíì pé ọdún 25 sábà máa ń san àfikún. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹni tí ó ti rìn nínú oòrùn látàárọ̀ ni yóò tún jókòó sídìí ọkọ̀ lálẹ́, èyí tí àwọn òbí kì í ṣírò.

Ìdílé Yorùbá kì í sábà jẹ́ bàbá, ìyá àti ọmọ méjì nìkan. Ìyá àgbà máa ń bá wọn lọ, àbúrò ìyàwó máa ń wà níbẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n tí a mú dání kò ní ṣàìwà, tí iye wọn ó sì di méje tàbí mẹ́jọ láìpẹ́. Minnie Van kan tàbí ọkọ̀ ńlá Uber kan kò ní gbà wọ́n. Bí wọ́n bá pín ara wọn sí ọkọ̀ méjì, kí àgbàlagbà tí ó mọ bí a ti ń lo fóònù wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ọmọ tí ó nílò àga sì wà nínú ọ̀kan náà pẹ̀lú òbí wọn. Ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn ni ó yẹ kí wọ́n ronú lé lórí kí wọ́n tó yan ọkọ̀, nítorí pé òun ni yóò kọ́kọ́ jìyà bí wọ́n bá já wọn sí òdìkejì adágún, ìtìjú sì lè máà jẹ́ kí ó sọ pé ó ti rẹ òun.

Nígbà tí gbogbo èyí bá wọnú ìṣirò, kò sí ọkọ̀ kan tí ó yẹ kí ìdílé máa lò fún gbogbo ìrìn wọn. Bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ tó fún àárọ̀ tí wọ́n bá ń lọ sí Magic Kingdom láti òtẹ́ẹ̀lì Disney. Minnie Van yẹ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà, àti fún alẹ́ tí ó ti rẹ ọmọ àti ìyá àgbà ní Magic Kingdom, bí ó tilẹ̀ wọ́n. Uber tàbí Lyft tó fún àwọn tí ọmọ wọn ti dàgbà, pàápàá láàárín òtẹ́ẹ̀lì sí òtẹ́ẹ̀lì, níbi tí bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ ti ń fi àkókò ṣòfò jù. Ọkọ̀ tí a ṣètò sílẹ̀ ni fún pápákọ̀. Ìdílé tí ó bá ní owó ọkọ̀ àdáni fún ẹ̀ẹ̀kan péré lójúmọ́, kí wọ́n fi í pamọ́ di alẹ́, torí pé nígbà náà ni sùúrù gbogbo ènìyàn máa ń tán.

Kí òbí tó bẹ̀rẹ̀ sí wo owó èyíkéyìí, kí ó wọn ìwúwo ọmọ rẹ̀, kí ó wọn gígùn rẹ̀, kí ó sì kọ méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀, nítorí pé àwọn ni ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ yóò béèrè láti mọ irú àga tí ó bá ọmọ náà mu. Kí ó sì rí i pé ọmọ náà jókòó sínú àga yẹn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wọ ọkọ̀ kékeré, bí ọ̀nà náà kò tilẹ̀ ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.